Fóònù Tó Ń Ṣiṣẹ́ Dáadáa Náà Lè Purọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Fọ́tò Tí À Ń Gbé Lọ Sí Kọ́ọ̀tù

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kó fi í pamọ́ di alẹ́.

Láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé orí ẹ̀rí inú fóònù ni iṣẹ́ PhD mi dá lé, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ní inbox. Ẹnì kan á ní, "Mo ya fọ́tò, ọjọ́ àti àkókò wà lára rẹ̀, ṣé kò tó ẹ̀rí ni?" Ẹlòmíì á ní, "Wọ́n mú fọ́tò wá láti fi takò mí, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló sọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ṣé ó ti tán fún mi nìyẹn?" Dípò kí n máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò síbí, kí ẹni tí kò bá gbà bá mi jiyàn.

Ohun tí mo rò ni pé ìsọfúnni inú fọ́tò jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò bi ní ìbéèrè ò yẹ kó ran ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n, kò sì yẹ kó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí òfin sì sábà máa ń bi ẹlẹ́rìí yìí, níbí àti nílé, kọ́ ló yẹ kó bi í. Òfin máa ń béèrè pé, "Ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Èmi ń sọ pé ohun tó yẹ ká béèrè ni, "Ọwọ́ ta ni fọ́tò yìí ti gbà kọjá kó tó dé iwájú wa?"

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà nínú fọ́tò gan-an.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ FỌ́TÒ?

Tí ẹ bá fi fóònù ya fọ́tò, fóònù ń kọ àwọn nǹkan mìíràn mọ́ àwòrán yẹn tí ojú ò rí. Ó ń kọ irú fóònù tó jẹ́, ọjọ́ àti àkókò, bí lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bóyá iná kámẹ́rà tàn tàbí kò tàn. Tí ẹ bá gbà á láyè, ó tún máa kọ ibi tí ẹ dúró sí lórí ilẹ̀ ayé. Gbogbo èyí là ń pè ní metadata. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú fáìlì ń jẹ́ EXIF, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Jàpáànù ló sì gbé e jáde ní 1995, nígbà tí kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dé.

Ẹ fọkàn sí i pé ìlànà yẹn ò ní àgádágodo kankan. Ṣé ẹ rántí bí àwọn òbí wa ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fọ́tò nígbà àtijọ́, "Ìsọmọlórúkọ Títílayọ̀, Ìbàdàn, 1978"? Bẹ́ẹ̀ náà ni EXIF rí. Ó wúlò, òótọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìpàwérẹ́ àti bírò lè pa á rẹ́ kó kọ òmíràn.

Ibo ni fóònù ti ń rí ohun tó ń kọ? Àkókò, ara aago fóònù ló ti ń mú un. Aago yẹn sábà máa ń gba àkókò látọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè wọ inú settings, kó pa ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí aago sí ọjọ́ tó bá wù ú. Ibi tí a wà ńkọ́? Sátẹ́láìtì ni fóònù kọ́kọ́ ń wò, tí kò bá rí i dáadáa, á wo Wi-Fi àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí. Nínú ilé, lábẹ́ ilẹ̀, láàárín àwọn ilé gíga, ńṣe ló ń fojú bù ú. Ó lè gbé yín sí òpópónà kejì. Nígbà míì, ibi tó ti mọ̀ yín kẹ́yìn ló ṣì máa kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, tí lọ́yà bá sọ fún yín pé "metadata fi hàn pé nọ́ńbà 14 lo wà, oò sí ní nọ́ńbà 18," ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè fi hàn pé àdúgbò yẹn lẹ wà. Yàrá tí ẹ wà kọjá agbára rẹ̀.

ỌKÙNRIN TÓ NÍ ÒUN LÓ PA IRỌ́ NÁÀ

Ẹni tó bá rò pé metadata ò ní agbára, kó rántí John McAfee, ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ètò ìdènà fáírọ́ọ̀sì tó kún inú kọ̀ǹpútà gbogbo wa nígbà kan. Ní 2012, wọ́n pa aládùúgbò rẹ̀ kan ní Belize, àwọn ọlọ́pàá ní àwọn fẹ́ bi í ní ìbéèrè, ló bá sá lọ. Àwọn akọ̀ròyìn Vice wà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tó sá sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi yangàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ló wà. iPhone ni wọ́n fi yà á, wọn ò sì yọ ìsọfúnni ibi tí wọ́n ti yà á kúrò. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi rí i pé Guatemala ni ọkùnrin náà wà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti mú un níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó wọ ìlú láìgba àṣẹ.

Apá kejì ìtàn náà ló wù mí jù. Nígbà tí àṣírí kọ́kọ́ tú, McAfee ní òun fúnra òun lòun yí nọ́ńbà inú fọ́tò náà padà láti fi tan àwọn ọlọ́pàá jẹ. Lẹ́yìn náà ló tó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni, Guatemala lòun wà. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, kí ló dé tí irọ́ yẹn fi ṣeé pa? Ó ṣeé pa torí pé gbogbo èèyàn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé nọ́ńbà náà ṣeé yí padà. Ohun tí fọ́tò sọ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan ò lè fi hàn pé òótọ́ ni. Ìgbà tí Guatemala mú un, tí wọ́n fojú rí i, ni ọ̀rọ̀ tó parí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ìròyìn ò tó àfojúbà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YÍ I PADÀ, ÀTI BÓ ṢE Ń PÒÓRÁ FÚNRA RẸ̀

Mi ò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní olè, ṣùgbọ́n kò sí àṣírí níbẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ExifTool, ó ti wà láti 2003, àwa tí à ń ṣèwádìí sì ń lò ó lójoojúmọ́. Ètò kan náà yẹn tí à ń fi ka ọjọ́ inú fọ́tò ló ń yí i padà, ọ̀rọ̀ ìlà kan péré ni. Láti iOS 15, tó jáde ní 2021, ẹni tó ní iPhone ò tilẹ̀ nílò ètò kankan mọ́: inú àpò fọ́tò rẹ̀ gan-an ló ti lè tún ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò ṣe. Wọn ò ṣe é fún ẹ̀tàn o. Ẹni tó ṣe skáànù fọ́tò ìyá rẹ̀ àgbà nílò rẹ̀ láti fi ọdún tó tọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀bẹ tó ń gé iṣu náà ló ń gé ọwọ́.

Ti ẹ̀tàn ṣì kéré. Ohun tó ń pa àwa aráàlú lára jù ni pé metadata máa ń pòórá láìsí ẹni tó pa á. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é, WhatsApp máa fún un kó kéré, á sì yọ EXIF rẹ̀ dànù. Facebook náà kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ ẹni tó bá gbà á sílẹ̀. Screenshot ò ní ohun tí kámẹ́rà kọ rárá, torí kámẹ́rà kọ́ ló yà á. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn lára fáìlì náà yàtọ̀ sí ọjọ́ inú EXIF: ẹ da fáìlì kọ látinú fóònù sínú láptọ́ọ̀pù, ọjọ́ tí ẹ dà á kọ lè jáde síbẹ̀ bíi pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá a.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ aago. Fún ìgbà pípẹ́, EXIF kì í sọ aago ìlú wo lòun ń kà. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ya àyè sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àkókò tó bá ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wá, aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC ló ń tẹ̀ lé. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Fọ́tò tí wọ́n bá yà ní Ìbàdàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó bá ní ìsọfúnni sátẹ́láìtì, aago mẹ́sàn-án ló yẹ kí ti sátẹ́láìtì wí. Tí àwọn méjèèjì bá wí ohun tí kò bára mu, a mọ̀ pé ó yẹ ká béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó yí èkíní lè gbàgbé èkejì. Ibi tí metadata ti wúlò jù lójú tèmi nìyẹn: ká fi ẹlẹ́rìí kan wo ẹnu ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹ JẸ́ KÁ MÚ Ọ̀RỌ̀ WÁLÉ

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa níbí fi owó ránṣẹ́ sílé fún ọdún méjì láti kọ́ ilé. Ẹ ti mọ ìyókù, àbí? Oṣooṣù ni fọ́tò ń wọlé lórí WhatsApp: fàǹdéṣọ̀n rèé, búlọ́ọ̀kù rèé, a ti dé líńtẹ́ẹ̀lì, a fẹ́ kan òrùlé. Nígbà tó délé, igbó ló bá. Ilé onílé ni wọ́n ń yà ránṣẹ́ sí i.

Ó wá bá mi pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ẹ̀rí wà. Wo ọjọ́ lára orúkọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan." Lóòótọ́, orí Android ni, orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IMG, ọjọ́ tẹ̀ lé e, WA àti nọ́ńbà sì gbẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n máa bínú, ọjọ́ tí fọ́tò wọ inú WhatsApp nìyẹn. Kò sọ ìgbà tí wọ́n yà á, kò sọ ibi tí wọ́n ti yà á, kò sọ ẹni tó yà á. Ní ti metadata, òfìfo ni àwọn fọ́tò yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ò kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí a bá iṣẹ́ yín dé rèé, ẹ fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́." Ìwé báńkì tó fi hàn pé owó lọ lọ́jọ́ kejì wà. Fọ́tò kan sì wà tí wọ́n ní oṣù kẹjọ ni wọ́n yà á, tí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, tí koríko ti kú, tí eruku ọyẹ́ bo gbogbo ewé. Oṣù kẹjọ wo nìyẹn nílẹ̀ Yorùbá? Ẹ̀rí tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ò sí nínú EXIF rárá. Ohun tí ń dà mí láàmú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé fọ́tò síwájú, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àti ìwé báńkì sílẹ̀, torí wọ́n rò pé "ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà" ló máa ń dẹ́rù ba adájọ́.

OHUN TÍ ÒFIN Ń BÉÈRÈ

Ẹ wá wo bí òfin ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin kan wà ní 1984 tí wọ́n ń pè ní PACE. Abala 69 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn amòfin ní ó ń fa iṣẹ́ jù, ni òfin kan ní 1999 bá fagi lé abala yẹn. Láti ìgbà náà, ohun tí kọ́ọ̀tù gbà ni pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé, ìwọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lo máa fi hàn pé ẹ̀rọ wọn ń ṣìṣe, ẹ̀rọ tí o ò lè fọwọ́ kàn.

Gbogbo wa tá a wà nílùú yìí la rí ibi tí ìyẹn gbé àwọn èèyàn dé. Ẹ̀rọ Horizon ti Post Office ní owó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka kéékèèké. Ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi láàárín 1999 sí 2015. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, àwọn kan pàdánù ilé wọn, àwọn kan kú kí òtítọ́ tó jáde. Oṣù kejìlá 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ pé àbùkù wà lára ẹ̀rọ náà. Ní oṣù kẹrin 2021, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wẹ àwọn 39 mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní 2024 ilé aṣòfin sì ní láti ṣe òfin pàtàkì kan láti fagi lé ìdálẹ́bi ọ̀pọ̀ àwọn tó kù. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò èèyàn lórí bóyá ó yẹ kí ìgbàgbọ́ yẹn nínú ẹ̀rọ ṣì máa bá a lọ. Horizon ò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú fọ́tò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ló ń gbé ọjọ́ inú fọ́tò wọ kọ́ọ̀tù.

Nílé ńkọ́? Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 le ju ti ibí lọ. Abala 84 rẹ̀ ní kí ẹni tó gbé ohun tí kọ̀ǹpútà kọ wá fi hàn pé wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà náà déédéé, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó gbà kó mú ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí wá. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, lórí ìbò gómìnà Bayelsa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá ta ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì nù torí wọn ò mú ohun tí abala 84 béèrè wá. Inú mi dùn sí i pé òfin ilé wa ò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ lásán.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2017, ìlànà kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ gbà kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀dà fáìlì tó wà níbí bá ojúlówó mu. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní hash ni wọ́n sábà fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi wé ìka tẹ̀tẹ̀ fáìlì: tí ẹ bá yí àmì kan ṣoṣo padà nínú fọ́tò, nọ́ńbà náà á yí padà pátápátá.

Ẹ wá kíyè sí ohun tí kò sí nínú gbogbo wọn. Tí mo bá yí aago fóònù mi padà sí oṣù tó kọjá, tí mo ya fọ́tò, fóònù á kọ oṣù tó kọjá. Kò ṣìṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́. Lábẹ́ abala 84, mo lè fọwọ́ sí ìwé pé fóònù mi ò ní àbùkù, òótọ́ ni mo sì sọ. Hash ní Amẹ́ríkà á fi hàn pé ẹ̀dà tó wà ní kọ́ọ̀tù ni mo gbé wá, irọ́ mi á dé kọ́ọ̀tù láìyingin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ní bi mí rárá àfi tí ẹnì kejì bá lówó láti gba ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo òfin wọ̀nyí ń yẹ ẹ̀rọ wò. Ọwọ́ èèyàn ni fọ́tò ń gbà kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ tàbí ibi inú fọ́tò mú ẹlòmíì, kó gbé fáìlì ojúlówó wá, kó sọ fóònù tí wọ́n fi yà á, kó sọ ọwọ́ tó ti gbà kọjá, kó sì jẹ́ kí ẹnì kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá lè ṣe é, kí wọ́n wo àwòrán fún ohun tó fi hàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ka ọjọ́ ẹ̀ sí ẹ̀rí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ tó bá gbọ́ tẹnu fóònù nìkan náà ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

"ṢÉ O Ò NÍ FI PA TÁLÁKÀ LÁRA?"

Mo ti gbọ́ àtakò yìí lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní tí a bá le mọ́ ẹ̀rí báyìí, obìnrin tí ọkọ ń lù tó ya fọ́tò ojú rẹ̀ tó wú, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fìyà jẹ, àwọn ni kò ní rí ojúlówó fáìlì mú wá. Fóònù wọn ti bàjẹ́, tàbí wọ́n ti tà á, screenshot ló kù.

Ìdáhùn mi ni pé ohun méjì ni wọ́n jẹ́. Fọ́tò tí kò ní metadata ò di irọ́ nítorí ìyẹn. Obìnrin yẹn wà láàyè láti sọ ìgbà tí wọ́n lù ú, dókítà tó rí i wà, ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí lálẹ́ ọjọ́ náà wà. Fọ́tò rẹ̀ ń ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ń ti fọ́tò lẹ́yìn. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó ní agbára, tó fẹ́ kí ọjọ́ inú fáìlì nìkan dúró fún gbogbo ẹ̀rí: iléeṣẹ́, ejẹ́ńtì, ìjọba. Àwọn yẹn ní ojúlówó, wọ́n ní owó. Kí wọ́n gbé e wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ deposit ilé. Láti 2007, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí lánlọ́ọ̀dù tó gba deposit lọ́wọ́ ayálégbé lábẹ́ ìwé àdéhùn tó wọ́pọ̀ fi í sí abẹ́ ètò ààbò kan, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sì fún un báyìí. Tí ìjà bá dé, tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà ètò náà, owó ayálégbé ni wọ́n ṣì kà á sí títí lánlọ́ọ̀dù á fi hàn pé ó tọ́ sí òun. Ìyẹn ló dáa. Ẹni tó fẹ́ gba owó ló ń ru ẹrù ẹ̀rí. Síbẹ̀ mo mọ ọ̀pọ̀ nínú yín tí ejẹ́ńtì fi fọ́tò ẹlẹ́jọ́ lára dẹ́rù bà, tí ẹ fi owó yín sílẹ̀ láìbéèrè fáìlì ojúlówó. Ẹ béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sójú fọ́tò ní àwọ̀ pupa tàbí ọsàn, àmì lásán ni, ètò ọ̀fẹ́ pọ̀ tó ń tẹ ọjọ́ tó bá wu èèyàn síbẹ̀.

ṢÉ Ẹ̀RỌ TUNTUN Ò NÍ GBÀ WÁ?

Ó ń gbìyànjú. Ní 2015, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àgbáyé gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ eyeWitness to Atrocities. Inú ètò yẹn lèèyàn ti ń ya fọ́tò, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ àkókò, sátẹ́láìtì, Wi-Fi àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí, á tẹ ìka fáìlì náà lójú ẹsẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ̀dà kan lọ sí ibi ìpamọ́ tí ẹni tó yà á ò lè fọwọ́ kàn. Ní 2018, kọ́ọ̀tù ológun ní ìlà oòrùn Kóńgò lo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tí wọ́n ti dá ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun méjì lẹ́bi. Ẹ rí i pé ohun tí ètò yẹn ń tọ́jú ni ohun tí mò ń pariwo rẹ̀: ọwọ́ tí fọ́tò gbà kọjá. Ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ C2PA bẹ̀rẹ̀ ní 2021, Adobe, Microsoft àti BBC wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ó ń fi òǹtẹ̀ sí fọ́tò kí àtúnṣe lè hàn, ó sì ti ń wọ inú kámẹ́rà àti fóònù díẹ̀díẹ̀.

Mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ òǹtẹ̀ ń sọ pé wọn ò fọwọ́ kan fáìlì ni, kò sọ pé ohun tó wà níwájú kámẹ́rà jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá fi kámẹ́rà olóǹtẹ̀ ya ilé onílé, òǹtẹ̀ á jẹ́ ojúlówó, ilé á sì ṣì jẹ́ ti onílé. Ohun tí mi ò sì fẹ́ ni pé kó wá di pé fọ́tò tí kò ní òǹtẹ̀ ti di irọ́. Fóònù olówó ńlá ló kọ́kọ́ ń ní i, a mọ ẹni tí kò ní í ní.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE LÓNÌÍ

1. Fọ́tò tó bá ṣe pàtàkì (ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí, ìjàǹbá ọkọ̀, ìwé àdéhùn), ẹ fi kámẹ́rà fóònù gan-an yà á, kì í ṣe kámẹ́rà inú WhatsApp.

2. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ má gé e, ẹ má fi àwọ̀ kún un. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí nǹkan, ẹ da ẹ̀dà kọ, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ fọwọ́ kàn.

3. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi í ránṣẹ́ sí email ara yín tàbí sí ẹni tọ́rọ̀ kàn. Email ní ọjọ́ tirẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ lò, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kí EXIF má bàa sọnù.

4. Ẹ tọ́jú fóònù àtijọ́ títí ìjà á fi parí. Nǹkan wà nínú fóònù tí onímọ̀ lè fi yẹ fọ́tò wò, tí kò sí nínú fáìlì nìkan.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sílé, fọ́tò ò tó. Ẹ ní kí wọ́n pè yín lórí fídíò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, kí wọ́n rìn wọ inú ilẹ̀ náà láìpa kámẹ́rà. Ẹ rán ẹlòmíì tí kò mọ ẹni àkọ́kọ́ lọ wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

6. Tí wọ́n bá mú fọ́tò wá fi takò yín, ẹ kọ ìwé béèrè ohun mẹ́ta: fáìlì ojúlówó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á, orúkọ ẹni tó yà á. Ẹ má bínú, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà béèrè, kí ẹ sì tọ́jú èsì.

7. Ẹ má yí ọjọ́ inú fọ́tò tiyín padà láé nítorí ẹjọ́, ì báà jẹ́ pé òótọ́ lẹ fẹ́ fi hàn. Tí àṣírí bá tú lórí ẹyọ kan, wọn ò ní gba èyí tó kù gbọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ físà, ó lè ba ohun gbogbo jẹ́.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, kó lọ bá lọ́yà, kó sì mú ìbéèrè nọ́ńbà 6 dání.

Ẹ̀yin lọ́yà tó wà láàárín wa, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ọ̀tù nílé, mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín nísàlẹ̀: nígbà tí ẹ bá ń mú ìwé abala 84 wá, ṣé adájọ́ máa ń bi yín ní ẹni tó di fóònù náà mú, àbí tó bá ti rí òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé, ó tán? Ẹ sọ fún wa bó ṣe ń lọ.